Omi kòtò ẹja kì í ṣe ohun tí a ń tú sí gọ́tà lóru

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí lè bí àwọn kan nínú, nítorí ó máa kan àwọn tó ń sin ẹja, ó máa kan àwọn tó ń bá wọn jà, ó sì máa kan àwa olùkọ́ fúnra wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú wa.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ní àdúgbò tí a ń gbé, arákùnrin kan tú omi kòtò ẹja rẹ̀ sílẹ̀ ní nǹkan bí aago méjì òru. Ẹja àrọ̀ ló ń sìn, kòtò onísìmẹ́ǹtì mẹ́ta ló ní. Omi náà gba ẹ̀yìn ilé kọjá, ó wọ gọ́tà, gọ́tà kún, omi ya lọ sí ìsàlẹ̀, ó sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga ìyá àgbà kan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo àdúgbò ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Ìyá fa omi, ó gbóòórùn rẹ̀, ó da á nù, ó sì figbe ta. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ọ̀rọ̀ di ti àgbààgbà.

Ní ìpàdé tí wọ́n pè lábẹ́ igi máńgòrò, ohùn mẹ́ta la gbọ́. Àwọn kan ní kí wọ́n fọ́ gbogbo kòtò ẹja àdúgbò, kí ẹnikẹ́ni má sin ẹja láàárín ilé mọ́. Àwọn kan ní ọmọ náà ń wá oúnjẹ òòjọ́ ni, kò jalè, kò gba owó ọba, kí ìyá lọ gbẹ́ kànga síbòmíràn. Ẹni kẹta, tó jẹ́ oníṣòwò, dìde, ó fa sáṣẹ́ẹ̀tì kan yọ nínú àpò, ó ní ìyẹ̀fun kòkòrò rere láti òkè òkun ni, pé kí a dà á sómi, gbogbo rẹ̀ á mọ́ kí ọ̀sẹ̀ tó yí po.

Tiwa ni pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì í. Kòkòrò tó ń fọ omi ẹja wà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọjà òkè òkun. Inú erùpẹ̀ ẹsẹ̀ wa ni wọ́n wà, ọ̀fẹ́ ni wọ́n, àwa la sì ń fi ọwọ́ ara wa pa wọ́n lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú omi náà. Oúnjẹ tí a ń rà fún ẹja àrọ̀, bó bá jẹ́ èyí tó dára, purotéènì inú rẹ̀ máa ń tó 35 sí 45 nínú ọgọ́rùn-ún. Inú purotéènì yìí ni azóòtù wà, ohun tí àwọn ará wa ní Nàìjíríà ń pè ní náítírójìn. Ẹja kì í lo gbogbo rẹ̀. Nínú ìdá mẹ́rin tó bá gbé mì, bí ìdá kan péré ló ń di ẹran ara rẹ̀. Ìyókù ń padà sínú omi, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ sì ni amóníàkì, ohun kan náà tó ń ta yín nímú ní ibi tí àwọn ènìyàn ti ń tọ̀ sí ara ògiri. Bí ẹ bá fún ẹja ní kílò kan oúnjẹ lóòjọ́, nǹkan bíi gíráàmù 30 azóòtù amóníàkì ló ń bọ́ sómi ní ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn. Ẹni tó ń fúnni ní kílò mẹ́wàá, 300 gíráàmù ni. Lójoojúmọ́ o. Ẹ wá ṣírò rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà tí ẹja fi ń dàgbà.

Ohun tó ń tan àwọn ọlọ́sìn ẹja jẹ ni ẹja àrọ̀ fúnra rẹ̀. Ọlọ́run fún ẹja yìí ní ẹ̀yà ara kan tó fi lè mí afẹ́fẹ́ òkè omi, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí i tó ń sáré yọjú tó sì ń padà sísàlẹ̀. Epìyà kò ní irú rẹ̀. Nítorí náà, ẹja àrọ̀ máa ń dárí ji olówó rẹ̀. Omi á dúdú, á ki bí ẹ̀kọ, á máa rùn, ẹja kò ní í kú. Olówó ẹja á ní kò sí wàhálà. Ẹja dárí jì í lóòótọ́, kànga ìyá àgbà kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Omi tí kò bá wọ kànga, ọ̀sà ló ń bá lọ. Ọ̀sà Àjàṣẹ́ àti adágún Nokoué, omi kan ni wọ́n, odò Totchè ló so wọ́n pọ̀. Gbogbo ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi níbẹ̀ mọ jasẹ́ǹtì, ewéko aládòdó àlùkò tó ń bo ojú omi ní ìgbà òjò títí ọkọ̀ kò fi ní rí ọ̀nà gbà. Azóòtù àti fọ́sífọ́ọ̀sì ni oúnjẹ rẹ̀. Bí omi iyọ̀ bá wọlé láti inú òkun ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, jasẹ́ǹtì á kú, á rì, á jẹrà, á sì jẹ ọ́síjìn tí ẹja inú ọ̀sà fi ń mí. A kò sọ pé omi kòtò ẹja nìkan ló fà á. Ìgbẹ́ ìlú, ìdọ̀tí ọjà àti omi ọṣẹ wa pọ̀ ju ìyẹn lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ní òun ń sin ẹja kí ẹja má baà wọ́n má máa pa ẹja apẹja láti ẹ̀yìn.

Ó wá kan àwa olùkọ́.

Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ wa ní Faransé títí di ìgbà tí àwa náà ń kọ́ ọmọ, orí ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo la ní lórí mìkíróòbù: Pasteur, àìsàn, abẹ́rẹ́ àjẹsára, fọ ọwọ́ rẹ. Ẹ̀kọ́ rere ni, a kò bú u. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ la dúró sí. Nígbà tí a sì fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ sí èdè wa fún àwọn òbí, kòkòrò àrùn la pè é. Gbogbo rẹ̀. Èyí tó ń pa ènìyàn àti èyí tó ń sọ ògì di kíkan, èyí tó ń mú irú rùn dídùn lábẹ́ ewé, a kó gbogbo wọn sínú orúkọ ìbàjẹ́ kan. Ẹni tí wọ́n bá ti pè ní olè láti kékeré, ta ni yóò gbà pé ó lè ṣọ́ ilé?

Bẹ́ẹ̀ ìwé Faransé kan náà ní ìtàn mìíràn tí a ì bá ti kọ́ àwọn ọmọ. Ní 1877, ní Paris, Théophile Schloesing àti Achille Müntz ń wá ohun tí wọ́n lè fi omi ìdọ̀tí ìlú náà ṣe. Wọ́n gbé ọ̀pá onígíláàsì kan nàró, wọ́n kó iyanrìn tí wọ́n ti yan nínú iná àti ẹfun díẹ̀ sínú rẹ̀, wọ́n sì ń jẹ́ kí omi ìdọ̀tí máa kán sí i lórí díẹ̀díẹ̀. Fún nǹkan bí ogúnjọ́ kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Amóníàkì tó wọlé lókè náà ló ń jáde nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, ó dín títí kò fi sí mọ́, nítíráàtì sì jáde dípò rẹ̀.

Ẹ dúró díẹ̀ níbẹ̀. Bó bá ṣe pé iyanrìn ló ṣiṣẹ́ náà, kí ló ń dúró fún ogúnjọ́? Iyanrìn kì í kọ́ṣẹ́. Ohun tó ní ẹ̀mí ló ń bí sí i, tó sì ń pọ̀ kí ó tó lágbára. Àwọn ọkùnrin méjì yìí rò ó bẹ́ẹ̀ náà. Wọ́n jẹ́ kí èéfín kiloroọ́fọ̀ọ̀mù, oògùn tí wọ́n fi ń mú aláìsàn sùn fún iṣẹ́ abẹ nígbà náà, gba inú ọ̀pá náà. Iṣẹ́ dúró. Wọ́n kó kiloroọ́fọ̀ọ̀mù kúrò, wọ́n ń da omi ìdọ̀tí sí i, síbẹ̀ kò sí nǹkan kan. Wọ́n wá da omi tí wọ́n fi ṣan erùpẹ̀ ọgbà díẹ̀ sí i, kò pẹ́, iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀. Erùpẹ̀ ọgbà lásán! Kì í ṣe sáṣẹ́ẹ̀tì. Ní 1890, ọmọ Rọ́ṣíà kan tó ń jẹ́ Winogradsky wá ya àwọn kòkòrò náà sọ́tọ̀, ó sì fi hàn pé ẹgbẹ́ méjì ni wọ́n: ẹgbẹ́ kan ń sọ amóníàkì di nítíríìtì, tó ṣì lóró fún ẹja, ẹgbẹ́ kejì ń sọ nítíríìtì di nítíráàtì, tí ẹja lè fara dà. Bí ọ̀kan kò bá sí, iṣẹ́ èkejì kò pé.

A óò jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tiwa náà. Ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí a ti ṣiṣẹ́ rí, àwa àti àwọn ọmọ jọ sin epìyà nínú kòtò kékeré kan. A to òkúta wẹ́wẹ́ sínú àgbá, a ń fi garawa da omi kòtò gbà á kọjá. Fún oṣù kan, omi kò yàtọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún ó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́, òórùn lọ, epìyà ń jẹun bí ẹni tí ebi ti pa láti ọdún èṣí. Inú wa dùn. Lẹ́yìn náà la gbọ́ pé àlejò pàtàkì ń bọ̀ wá wo ilé ẹ̀kọ́. Àwa fúnra wa la wo òkúta inú àgbá, a rí i pé ó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá, ojú tì wá. A ra omi jafẹ́ẹ̀lì, a ní kí àwọn ọmọ fọ òkúta náà lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi dán. Ó dán lóòótọ́. Àlejò wá, ó yìn wá, ó ya fọ́tò. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, epìyà tó léfòó pọ̀ ju èyí tó ń wẹ̀ lọ.

Ohun tó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá yẹn ni òṣìṣẹ́ wa. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé, lórí òkúta, ní ìpele tínrín. Àwa ni kiloroọ́fọ̀ọ̀mù tiwọn. Ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì náà sì bi wá léèrè pé ṣé òkúta dídọ̀tí ló ń jẹ́ kí omi mọ́ ni, a kò dá a lóhùn dáadáa lọ́jọ́ náà. Ìbéèrè rẹ̀ ló ń lé wa kiri títí dòní.

Ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ ọlọ́sìn ẹja ń ṣe. Bí ẹja kan bá rẹ̀, wọ́n á da oògùn apakòkòrò sómi, irú èyí tí ìyàwó ń lò nígbà tí ikọ́ ń bá ọmọ jà. Wọ́n á fi jafẹ́ẹ̀lì fọ kòtò, wọ́n á tú u sí gọ́tà. Oògùn náà kò yan ẹni tó ń pa. Ó pa òṣìṣẹ́ inú kòtò, ó jáde, ó sì ń kọ́ kòkòrò àrùn gidi inú gọ́tà bí wọ́n ṣe lè fara da oògùn tí a óò nílò lọ́la fún ọmọ tiwa.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ oníṣòwò onísáṣẹ́ẹ̀tì. A kò pè é ní olè. Kòkòrò wà nínú ohun tó ń tà, ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n irú kòkòrò wo? Èyí tí a lè gbẹ, tí a lè lọ̀, tí a lè kó sínú bébà kó sì wà láàyè títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ wa ni àwọn tó ń pè ní Bacillus, nítorí wọ́n mọ bí a ti ń wọ inú èèpo líle sùn. Àwọn òṣìṣẹ́ amóníàkì tí Winogradsky rí kò ní irú èèpo bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá gbẹ, wọ́n kú nìyẹn. Bacillus lè ba yín jẹ ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù nísàlẹ̀ kòtò, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ẹ ń wá bí amóníàkì bá ń ta yín nímú. Ní Amẹ́ríkà, ní yunifásítì Auburn ní Alabama, Claude Boyd àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ da irú ọjà bẹ́ẹ̀ sínú adágún ẹja, wọ́n fi wé adágún tí wọn kò da nǹkan sí. Nínú ọ̀kan lára ìdánwò wọn, ẹja tó yè pọ̀ sí i, a kò ní fi ìyẹn pamọ́. Ṣùgbọ́n omi fúnra rẹ̀, kò sí ìyàtọ̀ kan tó ṣe gúnmọ́. Owó yín ni, ẹ lè fi ra ohun tó wù yín. Àwa mọ̀ pé owó sáṣẹ́ẹ̀tì díẹ̀ tó ra àgbá.

Ẹ ó ní kí a sọ ohun tí a rò pé ó yẹ ní ṣíṣe. Kò le. Kí omi tó jáde nínú kòtò kọ́kọ́ dúró nínú àgbá tàbí ihò kan, kí ìgbẹ́ rì sísàlẹ̀. Ẹrẹ̀ yẹn, oko ni kí ẹ gbé e lọ, ajílẹ̀ ni. Kí omi orí rẹ̀ wá máa kán sórí òkúta wẹ́wẹ́, èyí tí kò tóbi ju ẹyin àdàbà lọ, nínú àgbá tí a lu ihò sí nísàlẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má jẹ́ kí omi bo òkúta mọ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni kí ó máa gba àárín wọn, nítorí pé gíráàmù kan azóòtù amóníàkì ń gba ọ́síjìn tó ju gíráàmù mẹ́rin àbọ̀ lọ kí ó tó di nítíráàtì. Ẹ da omi náà gbà á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìṣirò tiwa ni pé ẹni tó ń fún ẹja ní kílò kan oúnjẹ lóòjọ́ nílò òkúta tó kún mítà oníhà mẹ́ta kan, àgbá ńlá márùn-ún nìyẹn, àgbá onílítà 200. Ẹni tó ń fúnni ní kílò mẹ́wàá kò gbọdọ̀ fi àgbá ṣeré, kí ó mọ ilé òkúta gidi, kí ó bá ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe sọ̀rọ̀.

Ẹ fi ìkarawun ọ̀sà sí àárín òkúta náà. Ẹ rántí pé ẹfun wà nínú ọ̀pá àwọn ará Paris. Iṣẹ́ tí kòkòrò yìí ń ṣe máa ń sọ omi di kíkan, bí omi bá sì ti kan jù, wọ́n á dáwọ́ dúró. Ìkarawun tí àwọn obìnrin wa ń dà nù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀sà ló ń gbà wọ́n. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ erùpẹ̀ oko tí wọn kò da oògùn sí, tàbí òkúta mélòó kan láti inú kòtò ẹni tí omi rẹ̀ mọ́, kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ní sùúrù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, kí ẹ má sì fún ẹja lóúnjẹ púpọ̀ ní àkókò náà. Ooru tiwa dára fún wọn. Ní ìlú olótùútù ó máa ń pẹ́ ju báyìí lọ. Bí òkúta bá dí, omi kòtò náà ni kí ẹ fi ṣàn án. Jafẹ́ẹ̀lì kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀.

Iṣẹ́ kò tíì parí o, ibí ni àwọn tó mọ díẹ̀ ti máa ń ṣi àwọn mìíràn lọ́nà. Nítíráàtì tó jáde kò rùn, kò sì ní àwọ̀, ẹ ó rò pé omi ti mọ́. Bó bá wọ kànga tó sì pọ̀, ó léwu fún ọmọ ìkókó tí wọ́n ń fi omi náà po mílíìkì fún, ó máa ń dí ẹ̀jẹ̀ wọn lọ́wọ́ láti gbé ọ́síjìn. Àjọ ìlera àgbáyé ní kó má ju mílígíráàmù 50 lọ nínú lítà omi mímu kan. Nítorí náà, kí omi tó kúrò lórí òkúta wọ inú ihò mìíràn tí kò ní afẹ́fẹ́, tí a kó ṣúkù àgbàdo tàbí èérún igi kún, tí omi bò mọ́lẹ̀ pátápátá. Àwọn kòkòrò mìíràn ń bẹ níbẹ̀. Bí wọn kò bá rí ọ́síjìn mí, inú nítíráàtì ni wọ́n ń gbà á, wọ́n á sì tú azóòtù sílẹ̀ di afẹ́fẹ́ lásán tó ń padà sójú ọ̀run. Ṣúkù ni oúnjẹ wọn. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, kó lọ sí oko gbọ̀mà, oko tẹ̀tẹ̀, oko ọ̀gẹ̀dẹ̀. Omi yẹn kì í ṣe omi mímu, a kò sọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan á ní nǹkan òyìnbó nìyí, àwọn baba wa kò ṣe é. Ta ló ní wọn kò ṣe é? Kí ni àkájà? Láti ayébáyé ni àwọn ará Nokoué àti ti ọ̀sà Àjàṣẹ́ ti ń ri ẹ̀ka igi mọ́lẹ̀ nínú omi tí kò jìn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ̀ka yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá, bí òkúta tiwa gẹ́lẹ́, epìyà á wá máa họ ọ́ jẹ. Kòkòrò àìfojúrí àti ewédò ni wọ́n ń sìn láìmọ orúkọ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti wá sí ọ̀sà wa wò ó, wọ́n kọ ìwé lé e lórí, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sì wà ní àwọn orílẹ̀-èdè Éṣíà lónìí tí wọ́n ń fi ọparun ṣe nínú adágún ẹja. A mọ̀ pé àkájà ní àléébù tirẹ̀, igi tí wọ́n gé fún un pọ̀, ẹrẹ̀ rẹ̀ ń kún ọ̀sà, àwọn aláṣẹ sì ti bá a jà. Àwa kò ní kí a padà sí i. Ohun tí a ń sọ ni pé ìmọ̀ pé ohun yíyọ̀ wúlò kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ yìí. Ẹni tó bá sì fẹ́ rí bí ohun tó jáde lára ẹran ọ̀sìn ṣe ń di oúnjẹ oko àti gáàsì ìdáná, Songhaï tí Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985 wà ní Àjàṣẹ́ níbí, kò béèrè físà.

Ẹlòmíràn á ní iná mànàmáná. Omi ń ṣàn láti òkè wá sísàlẹ̀ láìsan owó iná. Bí ẹ bá gbé kòtò sókè díẹ̀ tí ẹ sì gbé àgbá sísàlẹ̀, garawa àti apá ọmọkùnrin méjì tó fún kòtò ilé. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà da ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tàbí ìdọ̀tí ṣúgà sínú kòtò kí kòkòrò lè kó amóníàkì jọ di oúnjẹ epìyà náà wà, ó sì dára, ṣùgbọ́n ìyẹn ló ń fẹ́ ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tọ̀sán-tòru. Bí iná bá lọ fún wákàtí díẹ̀, ẹja lọ. A kò gba ẹni tí kò ní jẹnẹrétọ̀ nímọ̀ràn rẹ̀.

Ẹjọ́ wa tó kù, àwọn tó ń pín kòtò ẹja fún àwọn ọ̀dọ́ la fẹ́ rò ó fún. Ẹ̀ ń fún wọn ní sìmẹ́ǹtì, ẹ̀ ń fún wọn ní ọmọ ẹja, àpò oúnjẹ, àti pátákó ńlá tí a kọ orúkọ yín sí. Ẹ fún kòtò ní ẹnu tí omi ń gbà wọlé, ẹ kò fún un ní ibi tí yóò gbà jáde. Arákùnrin àdúgbò wa fi bébà tí wọ́n fún un hàn wá lẹ́yìn ìpàdé. Ojú ewé mẹ́rìnlá ni, ní èdè Faransé. Ojú ewé mẹ́sàn-án wà lórí oúnjẹ àti títà. Nípa omi tí yóò jáde, gbólóhùn kan ṣoṣo: kí a tú u sí ibi tó bójú mu. Ó tú u sí ibi tó bójú mu lójú tirẹ̀, ní aago méjì òru. Ẹ̀bi tirẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí ẹni tó mọ̀ pé nǹkan dára kì í ṣe é lóru. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ló jẹ̀bi.

Nítorí náà, a ń béèrè lọ́wọ́ méérì kọ̀ọ̀kan, láti Kétu dé etí ọ̀sà, pé kí wọ́n má fọwọ́ sí kòtò ẹja kankan láàárín ilé láìrí ibi tí omi rẹ̀ yóò gbà mọ́ àti bí ó ti jìnnà sí kànga tó. A ń béèrè pé kí wọ́n kọ bébà náà ní Yorùbá àti ní Gùn, kí ẹni tí kò lọ lékòòlù lè ní kí ọmọ òun kà á fún òun. Àwa olùkọ́ ti ṣetán láti bá wọn kọ ọ́ láìgba kọ́bọ̀.

Ní ti ìyá àgbà, àwọn àgbààgbà ní kí arákùnrin náà máa pọn omi fún un láti ibi ẹ̀rọ títí kànga rẹ̀ yóò fi mọ́, ó sì ń ṣe é. Ó ti ra àgbá mẹ́ta, a jọ kó òkúta sínú wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Omi tó ń jáde ṣì dúdú. Ó bi wá léèrè lánàá bóyá kí òun kúkú ra sáṣẹ́ẹ̀tì yẹn kún un. A ní kó ra àgbá méjì tó kù.